Ṣé ẹbí ni àbí dúkìá? Ohun tí òfin ayé àti ṣẹríà sọ nípa ẹran tí a ń bá gbélé

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn, tó sì dá ẹranko. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, adájọ́ kan ní Brooklyn, ní ìlú New York, dá ẹjọ́ kan tó ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn amòfin. Mọ́tò ló pa ajá kan lójú títì. Ìbéèrè tó wà níwájú Adájọ́ Aaron Maslow ni pé: ṣé a lè ka ajá yẹn mọ́ ẹbí tímọ́tímọ́ fún obìnrin tó ń mú un rìn lọ́jọ́ náà? Adájọ́ ní a lè kà á bẹ́ẹ̀.

Bí mùsùlùmí bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á bínú, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́ dé ibi tí wọ́n ń ka ajá mọ́ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London, Manchester, Houston àti Toronto ń sin ológbò. Àwọn mìíràn fẹ́ ẹni tó ń sin ajá kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nílé níbí, ajá ń ṣọ́ ọgbà, àgùntàn ń rìn ní àdúgbò, ẹyẹlé ń wọlé ń jáde. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé, tàbí tí ikú bá dé, ìbéèrè yìí náà ló máa wà nílẹ̀: kí ni ẹran yìí jẹ́ sí wa, ta ló sì ni ín? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni ó túmọ̀ sí pé ẹran jẹ́ dúkìá?

Lábẹ́ òfin tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, èyí tí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà jogún, ọ̀nà méjì ni a pín ohun gbogbo sí: ẹni, àti ohun ìní. Ẹni ló lè ní nǹkan, òun ló lè pẹjọ́, òun ló lè jogún. Ohun ìní ni a ń rà, tí a ń tà, tí a ń pín. Ọ̀dọ̀ ohun ìní ni òfin yìí to ẹran sí.

Nǹkan mẹ́rin ló jáde láti inú èyí. Àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá fi àìbìkítà pa ẹran rẹ, iye tí wọ́n ń ta irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ́jà ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń ní kó san. Ológbò tí o gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí o sì ti tọ́ fún ọdún mẹ́wàá, lè máà tó nǹkan kan lọ́jà. Èkejì, bí wọ́n bá jí i, bí ìgbà tí wọ́n jí fóònù ni. Ẹ̀kẹta, bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, inú ẹrù tí wọ́n máa pín ni ẹran náà wà pẹ̀lú àga àti fíríìjì. Ẹ̀kẹrin, bí olówó rẹ̀ bá kú, ogún ni.

Èyí kò sọ pé òfin fàyè gba ìwà ìkà. Ó ti lé ní igba ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣòfin lórí fífi ìyà jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n ẹran náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ tó lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Ìjọba ló ń bá ẹni tó hùwà ìkà ṣẹjọ́.

Ẹjọ́ Brooklyn àti ibi tó mọ

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ẹjọ́ náà, torí ìròyìn ti fẹ̀ ẹ́ lójú. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2023, obìnrin kan ń mú ajá ọmọ rẹ̀ rìn, okùn ajá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò kan kò dúró níbi àmì tó ní kí awakọ̀ dúró. Ó pa ajá náà, díẹ̀ ló sì kù kó gbá obìnrin náà mọ́ ọn.

Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin wà pé bí ènìyàn bá wà nínú ewu, tí wọ́n sì pa ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́ lójú rẹ̀, ó lè gba owó gbà-má-bìínú nítorí ìbànújẹ́ tó bá ọkàn rẹ̀. Ẹbí tímọ́tímọ́ yìí kò fẹ̀. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ìyá àgbà lè ka ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Inú àkámọ́ yìí ni Adájọ́ Maslow mú ajá wọ̀.

Ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i. Obìnrin tó di okùn mú, tí ewu náà sì kàn lára, ló fún láyè láti bá ẹjọ́ náà lọ. Ọmọ rẹ̀ tó ni ajá gan-an kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, adájọ́ kò sì gba ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ lórí ìbànújẹ́ ọkàn. Ilé ẹjọ́ tó ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ sì ni ilé ẹjọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Supreme Court" ni wọ́n ń pè é ní New York. Ìdájọ́ rẹ̀ kò de àwọn ilé ẹjọ́ tó wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Amẹ́ríkà ti sọ ajá di ọmọ ènìyàn ti sọ àsọdùn.

Kódà, ní ìpínlẹ̀ New York kan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí erin kan tó ń jẹ́ Happy, tó wà nínú ọgbà ẹranko ní Bronx. Àwọn tó pẹjọ́ fẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú ènìyàn tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀. Adájọ́ márùn-ún nínú méje ní rárá: ẹ̀tọ́ yẹn jẹ́ ti ọmọ ènìyàn.

Bí àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe ń yí òfin wọn padà

Láàárín dúkìá àti ẹbí, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti wá àyè kẹta fún ẹran. Ọ́síríà kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ ní ọdún 1988 pé ẹranko kì í ṣe ohun lásán. Jámánì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Síbẹ̀, òfin Jámánì fi kún un pé níbi tí kò bá ti sí òfin mìíràn, òfin ohun ìní náà ni a óò máa lò fún wọn. Faransé ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015: òfin wọn sọ pé ẹ̀dá alààyè tó ń mọ ìrora àti ìdùnnú ni ẹranko, ṣùgbọ́n abẹ́ ètò dúkìá ló ṣì wà.

Sípéènì lọ síwájú díẹ̀ sí i. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, ní kí adájọ́ tó ń tú ìgbéyàwó ká wo àǹfààní àwọn ará ilé àti àlàáfíà ẹran náà kó tó sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbé. Òfin yìí kan náà ní kí adájọ́ ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ ọmọ bí ọ̀kan nínú òbí bá ti ń fi ìyà jẹ ẹran láti fi dẹ́rù ba ẹnì kejì. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: ẹni tó bá lè gbá ológbò mọ́ ògiri kí ìyàwó rẹ̀ lè bẹ̀rù kò ní pẹ́ gbé ọwọ́ lé ìyàwó náà.

Ní Amẹ́ríkà, Alaska ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní ọdún 2017, pé kí adájọ́ wo àlàáfíà ẹran níbi ìkọ̀sílẹ̀. Illinois tẹ̀ lé e ní 2018, California ní 2019, New York ní 2021. Ní Kánádà, ìpínlẹ̀ British Columbia bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Níbẹ̀, adájọ́ máa ń béèrè ẹni tó ń fún ẹran náà lóúnjẹ, ẹni tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bóyá ìwà ipá wà nínú ilé, àti bí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹran náà ṣe rí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí wa wà, kò tíì dé ibẹ̀. Dúkìá ni ajá àti ológbò ṣì jẹ́ níbi ìkọ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ti ń le lórí àwọn nǹkan mìíràn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, jíjí ajá tàbí ológbò gbé ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró ní England àti Northern Ireland, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún márùn-ún. Ní England àti Wales, ẹ̀wọ̀n ìwà ìkà sí ẹran tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ tẹ́lẹ̀ ti di ọdún márùn-ún láti 2021. Ajá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ológbò ní England láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹni tí kò bá ṣe é lè san owó ìtanràn tó tó 500 pọ́n-ùn.

Nàìjíríà ńkọ́?

Nílé níbí, òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ayé àwọn Òyìnbó ka ẹran ilé sí dúkìá láìfi bò. Abala 382 nínú Criminal Code sọ irú ohun tí ènìyàn lè jí, ó sì ka ẹran tí a ti sọ di ti ilé tó ní olówó mọ́ ọn. Ohun kan tó pani lẹ́rìn-ín wà níbẹ̀: ó ya ẹyẹlé sọ́tọ̀. Ẹyẹlé kì í ṣe ohun tí a lè jí, àfi tó bá wà nínú ilé tí a kọ́ fún un tàbí lórí ilẹ̀ olówó rẹ̀. Tó bá ti fò jáde, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Àwọn baba wa kò wo ẹyẹlé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Lójú wọn, ẹyẹ tó bá onílé jẹun ti wọ inú májẹ̀mú ilé náà, ibi yòówù kó fò dé.

Abala 495 nínú òfin kan náà sọ ìwà ìkà sí ẹran di ẹ̀ṣẹ̀: lílù ú nílùkulù, dídá a lóró, dídẹ́rù pa á. Ìyà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Owó yìí kò tó nǹkan mọ́ lónìí. Ẹni tó bá gbójú lé òfin nìkan láti dáàbò bo ẹran ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà yóò dúró pẹ́. Ibi tí òfin ìjọba mọ nìyẹn. Àwa mùsùlùmí ní òfin mìíràn tó ń bá wa wọlé.

Ohun tí ṣẹríà sọ: dúkìá tó ní ẹ̀tọ́

Ìdáhùn ẹ̀sìn wa rọrùn láti sọ, ó sì jinlẹ̀. Lábẹ́ ṣẹríà, ẹran jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ní. A ń rà á, a ń tà á, a ń jogún rẹ̀, a sì ń pa èyí tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ fún wa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹran kì í ṣe ohun ìní bí ìkòkò àti aṣọ. Nínú Suuratul An'ām, āya 38, Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ tó ń fò jẹ́ ìjọ bíi tiwa. Ọlọ́hun ló ni wọ́n. Ọwọ́ wa ni Ó fi wọ́n sí, Yóò sì bi wá léèrè nípa wọn.

Ẹ wo hádíìsì obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó wá kòkòrò jẹ, títí tó fi kú. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé nítorí ológbò yẹn ni obìnrin náà fi wọ iná. Ẹ rò ó wò: kò sí ẹnì kankan nínú ìtàn yẹn tó ń gba owó dúkìá rẹ̀. Ìkòkò ara rẹ ni o bá fọ́, wọ́n á ní o fi nǹkan ṣòfò. Ṣùgbọ́n ológbò yẹn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́rùn obìnrin náà, Ọlọ́hun ló sì gba ẹ̀tọ́ náà fún un.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀: ọkùnrin tó rí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un. Ọlọ́hun forí jì í. Nígbà tí àwọn sàábé béèrè bóyá ẹ̀san wà fún wa lórí ẹranko, Ànábì dá wọn lóhùn pé ẹ̀san wà lórí gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí. Ẹ kíyè sí i pé ajá ni, kì í sì í ṣe ajá ọkùnrin náà.

Abu Dawud sì gba ìtàn ràkúnmí kan wá, tó sunkún nígbà tó rí Ànábì. Ànábì nu omijé rẹ̀, ó béèrè olówó rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹran tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, torí ẹran náà ti fi ẹjọ́ sùn pé ó ń fi ebi pa òun, ó sì ń lo òun ní ìlò àpà.

Láti inú irú hádíìsì báwọ̀nyí ni àwọn onímímọ̀ ti yọ òfin. Bí ẹni tó ní ẹran kò bá bọ́ ọ, lójú àwọn onímímọ̀ Maliki, Shafi'i àti Hanbali, adájọ́ lè fi ipá mú un: kó bọ́ ọ, tàbí kó tà á, tàbí kó pa á bó bá jẹ́ èyí tí a ń jẹ. Abu Hanifa gbà pé ojúṣe ni bíbọ́ ọ níwájú Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n kò ní kí adájọ́ fi ipá mú un. Onímímọ̀ ńlá nì, Izzuddin ibn Abdis-Salam, tó kú ní Cairo ní ọdún 1262, ka ẹ̀tọ́ àwọn ẹran lórí ènìyàn sínú ìwé rẹ̀, Qawā'idul Ahkām. Lára wọn ni pé kí a máa bọ́ ọ bó tilẹ̀ ti darúgbó tàbí tó ń ṣàìsàn tí kò wúlò mọ́, kí a má ṣe dì í lẹ́rù ju agbára rẹ̀ lọ, kí a má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ẹran tó máa ṣe é léṣe, kí a má sì pa ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ṣáájú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lèyí.

Ológbò àti ajá kò rí bákan náà

Ológbò ló súnmọ́ ará ilé jù. Nínú hádíìsì Abu Qatada, Ànábì sọ pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, pé ó wà lára àwọn tó ń yí ká láàárín yín. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó lò, tawwāfūn, wà nínú Suuratun Nūr, āya 58, níbi tí Ọlọ́hun ti lò ó fún àwọn ará ilé tó ń wọlé tọ ara wọn. Ìyẹn ni pé ológbò ti di ẹni tó ń rìn yíká inú ilé, omi tó bá sì fẹnu kàn kò bàjẹ́ fún àlùwàlá. Gbogbo wa la mọ sàábé tí wọ́n ń pè ní Abu Huraira, baba ọmọ ológbò.

Ọ̀rọ̀ ajá yàtọ̀. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń sin ajá, yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣọ́ ẹran, tó ń ṣọdẹ tàbí tó ń ṣọ́ oko, ẹ̀san rẹ̀ á máa dínkù lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fi ajá tó ń ṣọ́ ilé kún àwọn tí a yọ̀ǹda, torí ìdí kan náà. Lórí bóyá ajá jẹ́ ẹ̀gbin, Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé madhab rẹ̀, gbà pé ajá tó wà láàyè mọ́, àti pé ìjọsìn ni fífọ abọ́ tó fẹnu kàn lẹ́ẹ̀méje. Àwọn Shafi'i àti Hanbali gbà pé ẹ̀gbin ni. Nítorí náà, ẹni tó ń sin ajá láti fi ṣọ́ ilé rẹ̀ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ajá tí a kàn fẹ́ máa gbé mọ́ra lórí àga kò wọ inú ìyọ̀ǹda yẹn.

Kódà lórí owó rẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ànábì kọ owó tí wọ́n ń gbà lórí ajá. Àwọn Maliki tí kò gba títà rẹ̀ láyè sì tún sọ pé ẹni tó bá pa ajá ọdẹ tàbí ajá ẹran ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ san iye rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn onímímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun kan lè wà lọ́wọ́ ènìyàn tí kò sì rí bí ọjà.

Nínú Suuratul Kahf, Ọlọ́hun mẹ́nu ba ajá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ihò àpáta. Ó bá wọn lọ, ó nà sílẹ̀ lẹ́nu ihò náà, àwọn ènìyàn sì ń kà á mọ́ iye wọn. Ó wà pẹ̀lú wọn, Ọlọ́hun sì dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá wọn ló jẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mùsùlùmí náà ń rò ó

Ní Tọ́kì, títí di ọdún 2021, ẹni tó bá pa ẹran tó ní olówó, ẹ̀sùn bíba dúkìá jẹ́ ni wọ́n máa fi kàn án. Òfin tuntun ọdún náà sọ ìwà ìkà sí ẹran di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n, torí pé ẹlẹ́mìí ni. Ní Pakistan, ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Adájọ́ àgbà Athar Minallah ní Islamabad dá ẹjọ́ lórí erin kan, Kaavan, tó ti pẹ́ nínú ìyà ní ọgbà ẹranko. Ó gbà pé ẹranko ní ẹ̀tọ́, ó sì fi ẹ̀kọ́ Islām ti ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé Kaavan lọ sí Cambodia.

Kí ni kí ẹbí mùsùlùmí ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó hàn ẹni tó ni ẹran. Nínú Islām, dúkìá ọkọ dá dúró, ti ìyàwó dá dúró. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ológbò ló ni ín, ẹni tí wọ́n sì fi ta lọ́rẹ ló ni ín. Bí ẹ bá rà á fún ọmọ, ti ọmọ ni, òbí ń bá a mójú tó o ni. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fi rà á àti ìwé dókítà ẹran. Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé orúkọ tó wà lórí ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ń fi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ hàn, kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni ín. Bí ìgbéyàwó bá dàrú, ẹ jókòó lójú àwọn àgbà kí ẹ sì fẹnu kò lórí ibi tí ẹran náà máa gbé, kí ẹ má fi ẹran gbẹ̀san lára ara yín, kí ẹ má sì já a gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Èkejì, ọ̀rọ̀ wàsíyà. Ẹran kò lè jogún torí kò lè ní dúkìá. Leona Helmsley, obìnrin olówó ilé ìtura tó kú ní Greenwich, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní ọdún 2007, fi mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ fún ìtọ́jú ajá rẹ̀, ó sì yọ méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Adájọ́ gé owó ajá náà wálẹ̀ sí mílíọ̀nù méjì ní 2008. Irú èyí kò lè wáyé lábẹ́ ṣẹríà: wàsíyà kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹni tó bá sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún, kò sí ẹran tó lè gba ìpín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n o lè kọ ọ́ sínú wàsíyà rẹ pé kí wọ́n yọ owó díẹ̀ fún ẹnì kan tó máa bọ́ ológbò rẹ títí tí yóò fi kú. Ohun tó dára ni, torí ẹran tí olówó rẹ̀ kú ni ebi máa ń kọ́kọ́ pa.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá pa ẹran yín. Ní New York tàbí níbikíbi, owó tí òfin bá fún mùsùlùmí lórí dúkìá rẹ̀ tí wọ́n bàjẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lórí owó ìbànújẹ́ ọkàn, kí ó béèrè lọ́wọ́ onímímọ̀ tó mọ òfin ibẹ̀. Bákan náà, bí ajá tirẹ bá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, má ṣe sọ pé ẹranko kò mọ nǹkan. Ẹni tó mọ̀ pé ajá òun ń buni jẹ, tó sì tú u sílẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ tó fún àgbò iléyá lórúkọ, tó ń já ewé fún un láàárọ̀, lè sunkún lọ́jọ́ iléyá. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò Anas ibn Malik, Abu Umayr, ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú tí inú ọmọ náà bàjẹ́, Ànábì tìkára rẹ̀ dúró bá a sọ̀rọ̀, ó béèrè nípa ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ìlú Madīna wà lọ́rùn rẹ̀ rí àyè fún ọmọ tí ẹyẹ rẹ̀ kú. Ẹ fi èyí kọ́ ọmọ yín pé ìfẹ́ ẹran kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé Ọlọ́hun tó ní ká pa àgbò náà ló ní ká má pọ́n ọ̀bẹ lójú rẹ̀, ká má sì fi ọ̀bẹ tó kú dá a lóró.

Ní àkótán

Ìbéèrè tí àwọn ilé ẹjọ́ ń bi ara wọn lónìí, bóyá ẹbí ni àbí dúkìá, wá láti inú òfin tó ti fún dúkìá ní àyè púpọ̀ jù: pé ohun tó bá jẹ́ tèmi, mo lè ṣe é bó ṣe wù mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá orúkọ mìíràn tí wọ́n lè fi gba ẹran sílẹ̀. Islām kò fún ẹnikẹ́ni ní irú dúkìá bẹ́ẹ̀ rí. Ẹbí jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ àti ìgbéyàwó, òun ló ń bí ogún, òun ló ń bí orúkọ. Ẹran kò wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ inú ohun tí wọ́n máa bi wá léèrè lọ́jọ́ ìdájọ́, ìyẹn sì wúwo ju ìdájọ́ Brooklyn lọ.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ìdájọ́ Òyìnbó kọ́kọ́ lọ wo ajá tó so mọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣé omi wà nínú abọ́ rẹ̀? Ṣé okùn náà gùn tó kó lè kúrò nínú oòrùn? Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àánú lórí ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó lè ṣàánú àwa náà. Àmín.